Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ọmọ Èkó àti Omi Orí Àpáta

Lóṣù tó kọjá, a tẹ ọ̀rọ̀ kúkurú kan jáde nípa ibi tí ará Èkó lè lọ gba atẹ́gùn nígbà ìsinmi, láti ìgbà náà ni lẹ́tà kò sì ti dáwọ́ dúró lórí tábìlì mi ní Yaba. Ohun kan ṣoṣo ni èyí tó ju ìdajì wọn ń béèrè: ìtàkìtì omi, ìyẹn omi tó ń já láti orí àpáta sínú adágún tí èèyàn ti lè wẹ̀ kó sì lúwẹ̀ẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Iyanrìn, irà àti omi ni ilẹ̀ Èkó; ọmọ tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó lè dàgbà di bàbá àgbà láìfojú rí òkúta tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, àfi bó bá dé Abẹ́òkúta. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe ní ojú ewé yìí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa nínú ọjà fẹ́ lọ ṣe fàájì ìparí ọdún, obìnrin mẹ́rìnlélógún ni wá. Àwọn kan ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, àwọn kan ní Ìkògòsì, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ di ìjà. Ṣé a lè lọ kí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà? Oṣù wo ló dára jù? — Ìyá Ìbejì, Ṣùúrùlérè.

ÈSÌ: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa kí àwọn ìyá ọjà yòókù. Ibi méjèèjì tí ẹ dárúkọ kò jìnnà sí ara wọn bí àwọn tó ń jà sí i ti rò, nítorí òkè gbọọrọ kan náà ni wọ́n fẹ̀yìn tì, òkè tó gba Èfọ̀n-Aláayè kọjá ní ibi tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Èkìtì ti pààlà. Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí omi rẹ̀ ń jẹ́ Olúmirin, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ìkògòsì wà ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Láti Èkó, ẹ ó gba márosẹ̀ dé Ìbàdàn, ẹ ó la Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, gbogbo rẹ̀ sì lé ní 250 kìlómítà kí ẹ tó gbọ́ ohùn omi.

Ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà bí mọ́tò yín bá gbéra ní ìdájí, ṣùgbọ́n èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ Èkó. Àkókò tí ẹ ó lò láti Ojúẹlẹ́gbà dé Berger kì í sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni, àti ní àbọ̀, ẹ ó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní àkókò tí ara ti rẹ awakọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òwúrọ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹ sun oorun alẹ́ kan lọ́nà. Ẹ lo ọjọ́ kìíní ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ẹ gba Èfọ̀n-Aláayè lọ sí Ìkògòsì, níbi tí ilé ìgbàlejò wà lẹ́bàá omi gan-an, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà yín ṣe parí, ẹgbẹ́ méjèèjì ló borí. Bí àyè bá sì tún wà, ìtàkìtì omi Àrìntà ní Ìpólé-Ìlórò wà nítòsí Ìkògòsì, èrò ibẹ̀ sì máa ń kéré ju ti Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ.

Kí n sọ bí Erin-Ìjẹ̀ṣà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé omi kan ṣoṣo ló ń já níbẹ̀. Ìpele méje ni, ọ̀kan lórí èkejì, bí ìgbà tí wọ́n bá to ìkòkò léra. Ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ àlejò ń dé, nítorí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe àtẹ̀gùn sí ọ̀nà rẹ̀, adágún tó wà nísàlẹ̀ omi náà kò sì jìn ní etí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá àwọn ọmọ iléèwé, àwọn tọkọtaya tó ń ya fọ́tò, àti àwọn tó kàn ki ẹsẹ̀ bọmi tí wọ́n ń jẹ àgbàdo. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀nà náà kì í ṣe ti ẹni tó wọ bàtà gogoro mọ́. Ẹ ó máa di gbòǹgbò igi mú, ẹ ó máa fi ọwọ́ tẹ àpáta, òógùn yóò sì bọ́. Ẹni tó bá gùn ún dé ìkeje yóò bá ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, níhà Èfọ̀n-Aláayè, àfi bíi pé òkè kan kò sí níbẹ̀ rí. Nínú ẹ̀yin mẹ́rìnlélógún, bí ẹni mẹ́fà bá kọjá ìpele kẹta, ẹ kú oríire.

Ní ti oṣù, ohun méjì ló ń fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, omi náà máa ń pọ̀, ó máa ń bú ramúramù, eruku omi rẹ̀ yóò rin èèyàn kó tó sún mọ́ ọn. Ìgbà náà ló lẹ́wà jù, ìgbà náà ló sì léwu jù. Láti oṣù kejì sí ìkẹta, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, omi lè kéré débi tí ẹ ó fi máa bi ara yín léèrè bóyá ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ láti Èkó nìyẹn. Fún ẹgbẹ́ tó ní ìyá àgbà nínú, oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ni mo fara mọ́, nítorí òjò ti dáwọ́ dúró, ọ̀nà ti gbẹ, òkè náà sì ṣì ń tú omi tó mu láti ìgbà òjò jáde. Ìparí ọdún tí ẹ mú bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Kí ẹ má kàn lọ ní ọjọ́ kejì ọdún Kérésìmesì, nítorí gbogbo Iléṣà àti Àkúrẹ́ ni yóò wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, mo ti lé ní ẹni ọdún 65. Láti kékeré ni a ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà, a kì í bẹ̀rù omi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta, tí èmi fúnra mi kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́, fẹ́ bá ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ sí ibi ìtàkìtì omi kan, ìyá wọn wá ní wọn kò gbọdọ̀ wọnú adágún rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un: ẹni tó bá lè la ọ̀sà Èkó, kí ni omi inú àwo lè fi ṣe? — Bàbá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó.

ÈSÌ: Ẹ kú àgbà o, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí, nítorí ẹ̀yìn ìyá àwọn ọmọ ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ni mo fara mọ́. Àwọn àgbà ló ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, èmi sì jẹ́rìí sí i. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni mo dàgbà sí, etí ọ̀sà ni mo ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, mo sì gbà pé omi kan kò sí tó lè rí mi gbéṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé abẹ́ ìtàkìtì omi, mi ò bi ará ìlú kankan léèrè ọ̀rọ̀. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo bẹ́ sí ibi tí omi ti ń hó funfun. Ńṣe ló dà bí ẹni tó bẹ́ sínú òwú. Mo ń gbá omi, omi kò gbé mi. Mo fẹ́ yọrí, nǹkan kan ń fà mí padà sí abẹ́ ibi tí omi ti ń já. Ìbátan mi obìnrin kan, tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ rárá, ló tú ìró ìdí rẹ̀, tó di etí kan mú, tó ju èkejì sí mi láti orí òkúta. Títí di òní, bí mo bá ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ mi yangàn níbi àpèjẹ, ìró yẹn ló máa ń dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí kì í ṣe iwin, kì í ṣe àǹjọ̀nnú. Omi tó ń hó funfun kì í ṣe omi nìkan. Atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀ tó fi funfun. Omi tí atẹ́gùn ti lù báyìí fúyẹ́ ju omi lásán lọ, kò sì lágbára láti gbé ara èèyàn léfòó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí a fi ń gbá a kò rí ohun gidi kan tì. Ẹ fi èyí wé omi tí àwa ará Èkó mọ̀. Omi òkun wúwo ju omi odò lọ ní bí ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún nítorí iyọ̀ inú rẹ̀, ọ̀sà wa náà sì ń gba lára iyọ̀ yẹn, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òjò kò pọ̀ nínú rẹ̀. Omi tó ti ń bá wa gbé ara wa láti kékeré la fi kọ́ iṣẹ́. Orí òkè kò ní ẹnikẹ́ni tó ń bá wa gbé e.

Ohun kejì ni bí omi náà ṣe ń yí. Nígbà tí omi bá já láti òkè, yóò wọlẹ̀ lọ dé ìsàlẹ̀ adágún, yóò sì yọ padà sókè ní iwájú díẹ̀. Lára èyí tó yọ náà a máa ṣàn lọ, ṣùgbọ́n lára rẹ̀ a tún máa padà sẹ́yìn sí abẹ́ ibi tó ti já, bí ẹ̀rọ ìlọta inú ilé tó ń fa ata padà sí abẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tó bá bọ́ sínú ìyíkiri yẹn, tó sì ń bá a jà ní ìdojúkọ, agbára rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tán. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ó gbà jáde, kí ó má ṣe bá omi náà fà á lójúkojú. Ó sì sàn kí ó má dé ibẹ̀ rárá: bí ẹ bá ti rí ibi tí omi ti funfun, ẹ kà á sí ilé onílé.

Ẹ̀kẹta ni òkúta. Nínú ọ̀sà, ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn ni ẹsẹ̀ ń bà. Nínú adágún òkè, àpáta ni, omi a sì máa gbé òkúta tuntun wá nígbà òjò, tó fi jẹ́ pé ibi tó jìn lọ́dún tó kọjá lè má jìn lọ́dún yìí. Ẹni tó bá fi orí lélẹ̀ bẹ́ sínú rẹ̀ ń fi ọrùn rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ìwọ̀nba ewu tí mo lè fojú fò ni mo máa ń fojú fò nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, nítorí ìgbà èwe kò ṣe é fi okùn dè, ṣùgbọ́n bíbẹ́ láti orí àpáta sínú omi tí wọn kò fi ẹsẹ̀ wọn jíjìn rẹ̀ kò sí lára wọn.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù, Bàbá, nítorí ọ̀sà kò ní í, a kò sì lè fi ọgbọ́n ọ̀sà mọ̀ ọ́n. Omi ọ̀sà máa ń kún díẹ̀díẹ̀. Omi òkè lè kún kí èèyàn tó wí pé kí ló dé. Òjò lè máa rọ̀ ní kìlómítà mélòó kan sí òkè, kí oòrùn sì máa ràn níbi tí ẹ jókòó sí, kí ọmọ kankan má mọ̀ pé ohunkóhun ń bọ̀. Àpáta kì í mu omi, ohun tó bá bọ́ sí orí rẹ̀ ló ń sáré wá sísàlẹ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ yóò yí padà bí omi lẹ̀mọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà bí tíì, ewé àti ẹ̀ka igi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ohùn omi yóò nípọn sí i. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú mẹ́ta wọ̀nyí, kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀, kí wọ́n fi bàtà sílẹ̀, kí wọ́n gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sókè, kì í ṣe kí wọ́n máa sáré bá omi lọ sísàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ. Kí wọ́n wẹ̀ ní etí adágún ní ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí omi kò kọjá àyà wọn, kí àgbàlagbà kan jókòó sórí òkúta tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wò wọ́n lọ. Ẹni tó ń rì kì í pariwo bí a ti ń rí i nínú fíìmù, nítorí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ omi. Ìdákẹ́jẹ́ ni, ẹni tó gbójú kúrò lè má mọ̀. Kí ẹni tó ń ṣọ́ wọn ní okùn lọ́wọ́, kí ó so ó mọ́ kẹ́ẹ̀gì òróró tó ṣófo tí wọ́n dé lẹ́nu pinpin. Kẹ́ẹ̀gì yẹn, tí gbogbo ilé ní Èkó ní, a máa gbé àgbàlagbà léfòó, ó sì sàn láti jù ú sí ẹni tó ń rì ju kí ẹlòmíràn bẹ́ sínú omi lọ bá a, nítorí ẹni tí omi ń gbé kì í mọ ẹni tó dì mú. Kí wọ́n sì mú ọmọ ìlú kan dání, kí wọ́n sanwó rẹ̀ láìjiyàn. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran; ọmọ ìlú ló mọ òkúta tí èèyàn ń tẹ̀ àti èyí tí a kì í tẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kíláàsì SS2 ni mo wà. Olùkọ́ wa sọ pé omi gbígbóná Ìkògòsì gbóná tó 70 nítorí iná wà ní abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan nínú kíláàsì wa ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló tọ̀nà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Yaba.

ÈSÌ: Ọmọ mi, fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún olùkọ́ rẹ, nítorí inú ọ̀pọ̀ ìwé ni òun náà ti rí i. Ìṣirò 70 yẹn wà káàkiri, ṣùgbọ́n ronú sí i: omi tó gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius a máa bó ara èèyàn ní ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń ki ẹsẹ̀ bọ omi Ìkògòsì, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó fi ohun èlò wọ̀n ọ́n bá a ní nǹkan bí 37 tàbí 38, ìyẹn lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn gan-an.

Kò sí iná kankan lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí òkè ayọnáyèéfín ní agbègbè yẹn. Bí a bá ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbikíbi tó wù kó jẹ́, ooru ń pọ̀ sí i; ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jẹ́ bí 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n kan náà fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Òkè Èfọ̀n-Aláayè jẹ́ àpáta líle kan tí wọ́n ń pè ní quartzite, ó sì sán ní ọ̀pọ̀ ibi. Omi òjò a máa gba ojú sísán yẹn wọlẹ̀ lọ jìnnà, ilẹ̀ a máa yá a gbóná, yóò sì gba ojú sísán mìíràn jáde kíákíá kó tó tutù. Bí o bá mú ooru omi òjò lásán, bí 26, tí o sì yọ ọ́ kúrò nínú 38, o ó rí i pé kò ju nǹkan bí ìdajì kìlómítà lọ tí omi náà ní láti wọlẹ̀ kó tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Omi tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kò wọlẹ̀ jìnnà. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi lè jáde nítòsí ara wọn láìjọra. Omi gbígbóná Wikki ní ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi náà wà bẹ́ẹ̀, bí 31 ni tirẹ̀, tọ̀sán tòru, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Bí o bá fẹ́ fi ìtàn kún un ní kíláàsì, sọ fún wọn pé míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ló kọ́kọ́ tún àyíká omi Ìkògòsì ṣe fún àlejò ní àwọn ọdún 1950.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa sọ pé ẹni tó bá wẹ̀ nínú omi odò lè kó àtọ̀sí ajá. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a sì lè mu omi ìtàkìtì náà, níwọ̀n bó ti ń mọ́ gaara? — Òǹkàwé, Àgége.

ÈSÌ: Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì náà sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi ni ewu rẹ̀ dọ́gba. Kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, ìyẹn àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní schistosomiasis, ń gbé nínú ìgbín kéékèèké inú omi, ìgbín yìí kò sì fẹ́ràn omi tó ń sáré; omi tó dúró tàbí tó ń rọra lọ, tí koríko wà ní etí rẹ̀, ni ilé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi dààmú àwọn ará abúlé tó yí ìsédò Ọyán ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lábẹ́ ibi tí omi ti ń já, ewu náà kéré. Ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí omi ti rọ tí ewéko ti bò ó, ó pọ̀ sí i, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni kòkòrò náà lè gba ara èèyàn wọlé láìsí egbò. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan tó ti irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ dé, kó lọ sílé ìwòsàn, kó má ṣe lọ máa ra àgbo, kó sì sọ fún dókítà pé òun wẹ̀ nínú odò. Oògùn praziquantel ń wò ó.

Omi tó ń sáré náà sì ní ti tirẹ̀. Eṣinṣin dúdú kékeré kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí iké, ń yé ẹyin sínú omi tó ń bú lórí òkúta. Òun ló ń gbé inárun kiri, tó ń mú ara yún, tó sì ń fọ́ èèyàn lójú níkẹyìn. Ìbùjẹ ọ̀pọ̀ ìgbà fún ọdún púpọ̀ ló ń sọ àrùn náà di ńlá, nítorí náà kí àlejò ọjọ́ kan má ṣe gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ẹ̀wù alápá gígùn lẹ́yìn ìwẹ̀ tó. Ojú ọ̀sán ló ń jẹni, kì í ṣe òru bí ẹ̀fọn.

Ẹ má mu omi náà. Mímọ́ gaara kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. Abúlé àti ẹran ọ̀sìn wà lókè.

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn nídìí ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn. Ìtàkìtì omi wo ló ga jù ní Nàìjíríà? — Oníjiyàn, Mushin.

ÈSÌ: Ní ilẹ̀ Yorùbá, Òwu ní Òwá-Kájọlà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara, ni wọ́n ń kà sí èyí tó ga jù, bí 120 mítà. Farin Ruwa ní ìpínlẹ̀ Nasarawa ni wọ́n sì ń sọ pé ó tó 150. Gurara ní ìpínlẹ̀ Niger kò ga tó bẹ́ẹ̀, bí 30 mítà ni, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ débi pé ojú kan kò lè gbà á tán. Bí ẹ bá fi owó ta á, ẹni tó mú Farin Ruwa ni kí ẹ fún.

ÌBÉÈRÈ: Mùsùlùmí ni mí. Wọ́n ní àwọn ará ìlú ń bọ omi Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ṣé kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún mi láti lọ wẹ̀ níbẹ̀? — Alhaja, Òṣòdì.

ÈSÌ: Alhaja, ti ẹ̀ṣẹ̀, ẹ bi àáfà yín. Ohun tí mo lè sọ ni ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ: pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà tó tẹ ìlú Erin dó, ló rí omi náà nígbà tí wọ́n ń ṣí kúrò ní Ifẹ̀, tí wọ́n sì pè é ní Olúmirin, ìyẹn òrìṣà mìíràn, nítorí ìbẹ̀rù tó bá wọn. Láyé àtijọ́ kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn ń rìn wọ̀. Lónìí, Mùsùlùmí, Krìsìtẹ́nì àti onísẹ̀ṣe ló ń san owó ẹnu ọ̀nà wọlé. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ta màrìwò sí, ẹ yà á sílẹ̀. Bí ẹni tó ń mú yín lọ bá ní a kì í fi ọṣẹ wẹ̀ níbì kan, ẹ gbọ́ tirẹ̀, nítorí odò kò parí sí ibi tí àlejò dúró sí. Ẹlòmíràn ń pọn ọ́n nísàlẹ̀. Fún wíwẹ̀, ṣòkòtò àti ẹ̀wù tó bo ara tó sì fúnra díẹ̀ dára ju kíjìpá tàbí ìró lọ, nítorí aṣọ tó fẹ̀ a máa gba omi, a sì máa fa ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa ti lé ní ẹni ọdún 70, eékún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti ní àwọn kò ní kú láìrí omi Erin-Ìjẹ̀ṣà. Kí ni kí a ṣe? — Ọmọ wọn, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta.

ÈSÌ: Ẹ mú wọn lọ. Ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kí èrò tó pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba àtẹ̀gùn náà ní ìsimi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ọ̀kan nínú yín wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ wí fún wọn pé kí wọ́n yára. Bàtà rọ́bà tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀, kì í ṣe sìlípáàsì, nítorí èéhù tó wà lórí òkúta ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá. Ẹ gbé àga kékeré alápá kan dání, ẹ gbé e sí ibi tí eruku omi ti lè kan ojú wọn ní ìpele kìíní, ẹ fún wọn ní ìborùn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú omi náà fún ìgbà díẹ̀. Ìyá tèmi, tí mo mú lọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí sí mi, tí wọ́n béèrè ẹni tó ń tì í pa lálẹ́.